Fèrè Tí Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi Rà ní Albarika

Òórùn fèrè náà ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó gbọ́ ìró rẹ̀ rárá: òórùn awọ àtijọ́, itọ́ tó ti gbẹ mọ́ igi, àti obì tí ẹni tó ni ín máa ń jẹ kó tó gbé e sẹ́nu. Mo gbé e sáyà lẹ́yìn ọlọ́kadà láti àdúgbò Albarika títí dé ilé wa lẹ́yìn ọjà Arzèkè, mo na ọrùn sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lìsé, ilé ẹ̀kọ́ girama wa, nígbà náà ni, mo ti gba ìwé ẹ̀rí, mo sì rò pé gbogbo ìlú Parakou ló ń wò mí. Ta ló fẹ́ wò mí? Ohun kan ṣoṣo tí ọlọ́kadà tó gbé mi bi mí ni pé ṣé ẹsẹ̀ àga ni mo gbé dání.

Fèrè tí wọ́n ń pè ní algaita ni. Igi ni wọ́n gbẹ́, wọ́n fi awọ bò ó, wọ́n fi idẹ pẹlẹbẹ sí ibi tí ètè ń sinmi lé, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ gbàǹgbà. Ẹni tó ń fọn ọ́n á wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, á máa fi imú fa èémí nígbà tí ẹnu ń tú u jáde, ìró náà kò sì ní já títí orin á fi parí. Ní ìlú wa, ilé tó bá ti pẹ́ nídìí òwò, yálà Bàrìbá ni wọ́n tàbí Dẹ́ńdì tàbí àwa Yorùbá, ní oríkì tirẹ̀ tí wọ́n ń fi fèrè fọn. Kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu nínú, ṣùgbọ́n etí tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ilé ló ń tọ́jú oríkì yìí, afọnfèrè ni. Iṣẹ́ ilé ni láti fi itan àgbò ránṣẹ́ sí i nígbà Iléyá; iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ ọdún kó fọn ohun tó mọ̀ nípa ilé náà. Afọnfèrè kan ní Albarika ló ń fọn ti bàbá bàbá mi, ẹni tó ru aṣọ láti Ìlọrin wá sí Parakou. Wọ́n ní ibi tí fèrè ti ń sọ nípa ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń gùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé á fi jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí bàbá bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló jogún ìsọ̀ aṣọ àti ipò olórí ilé. Bàbá Àlájì là ń pè é. Ó lọ sí Mẹ́kà, ó tún padà lọ, ó sì ti ibẹ̀ kó ọgbọ́n tuntun dé pé alágbe lásán ni afọnfèrè. Bí ó ṣe dá itan àgbò dúró nìyẹn. Ilé àwọn ọlọ́lá tí kò lè jẹ ẹran ti ara wọn tán ni ẹran Iléyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Afọnfèrè náà kò ya ẹnu ọ̀nà wa mọ́. Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà náà, nítorí náà n kò gbọ́ oríkì ilé wa rí.

Ó ṣe, àwọn Yorùbá oníṣòwò ọjà Arzèkè fẹ́ yan olórí. Bàbá Àlájì ń fẹ́ ẹ tọrùn tọrùn. Ẹni tó ń bá a du oyè náà jẹ́ oníṣòwò abọ́ tánganran, ọkùnrin kan tí ẹ̀wù rẹ̀ kò ju méjì lọ, ṣùgbọ́n tí afọnfèrè ṣì ń wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́dọọdún. A kì í wé láwàní fún ènìyàn ní ìlú yìí láìfọn oríkì ilé rẹ̀. Ohun tó yẹ kí Bàbá Àlájì ṣe kò le: kó mú obì, kó lọ sí Albarika, kó jókòó lórí ẹní, kó ní òun ṣì í ṣe. Ẹni tó ti ta aṣọ láti kékeré kò mọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ra aṣọ ti ra ọnà ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní òun á lọ ra fèrè náà.

Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Afọnfèrè náà ti darúgbó, eyín rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ológbò tó rí eku. Bàbá Àlájì kò bọ́ bàtà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí fèrè tó wà lára ògiri, ó béèrè iye rẹ̀. Mo rò pé arúgbó náà á bínú. Ó pe iye kan tó lè ra kẹ̀tẹ́kẹ́tẹ́, Bàbá Àlájì sì san án láìná ọjà, kí gbogbo àdúgbò lè rí i.

Nígbà tí owó ti wọ àpò, arúgbó náà ní, "Àlájì, igi àti awọ ni ẹ rà lọ́wọ́ mi o. Orin kò sí nínú rẹ̀."

Bàbá Àlájì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Fèrè tó ti ń ki bàbá mi láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ṣé ó lè gbàgbé ni?"

"Ẹ máa gbé e lọ," ni arúgbó náà wí. "Ọlọ́run á jẹ́ kó rántí."

Èmi tí mo pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé náà bá wọn rẹ́rìn-ín. N kò yọ afọnfèrè náà sílẹ̀ nínú ẹ̀gàn mi o. Ó lè ní kí wọ́n mú ọmọ kan wá kí òun kọ́ ọ. Ó mọ̀ pé òun nìkan ló mọ orin náà fọn, ó sì yàn láti gbé e wọ sàréè nítorí ẹran. Àwọn méjèèjì bára wọn mu.

Bàbá mi, àbúrò Bàbá Àlájì, ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Ó sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé kò sí ohun tí òun ń fẹ́ láyé mọ́ bí kò ṣe kí òun gbọ́ oríkì bàbá òun lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó kú. Ó gbìyànjú láti fi súfèé sọ ọ́ fún mi, ó dé ibì kan, ó sì sọnù mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní kó lọ bá arúgbó náà fúnra rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó sọ ìsọkúsọ. Ó ní àbúrò kì í pe oríkì ilé nígbà tí ẹ̀gbọ́n wà láàyè, pé ta ni òun fẹ́ sọ pé ó rán òun. Wọ́n ní àgbà tí kò bínú ni ọmọ rẹ̀ ń pọ̀. Bàbá mi kò bínú títí ó fi kú, síbẹ̀ èmi nìkan ló bí.

Kí òjò tó dé, arúgbó náà kú. Bàbá Àlájì sì fi owó gbé oyè náà. Ní ọjọ́ ìwéláwàní, wọ́n wá afọnfèrè mìíràn rí ní àdúgbò Titirou, ọkùnrin kan tí ebi hàn lójú rẹ̀, wọ́n gbé fèrè náà fún un, wọ́n ní kó fọn oríkì ilé wa. Kò gbọ́ ọ rí. Kí ni ẹni tí ebi ń pa á ṣe? Ó fọn ohun tó mọ̀. Ó sì mọ̀ ọ́n fọn. Bàbá Àlájì bú sẹ́kún, ó ní fèrè rántí o, fèrè rántí. Ó jó títí láwàní fi tú. Àwọn àgbàlagbà tí etí wọn mọ orin náà dorí kodò sínú abọ́ ìrẹsì. Oníṣòwò tánganran náà wà níbẹ̀, ó ń fi apá agbádá nu ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Bàbá mi jókòó, kò gbé ojú sókè. Mo rò pé ayọ̀ ló ń ṣe é. Nígbà tí a délé, mo bi í bóyá ó ti gbọ́ ọ wàyí. Ó bọ́ fìlà, ó gbé e sórí orúnkún.

"Mo gbọ́ ọ," ni ó wí. "Orin àwọn alápatà ni."

Ó ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ojú ẹ̀gbọ́n òun.

Láti ìgbà náà, orin àwọn alápatà ti di oríkì ilé wa. Kò sí ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ tí wọn kì í fọn ọ́n. Àwọn ọmọ Bàbá Àlájì ti gbà á sílẹ̀ sórí fóònù. Bí wọ́n bá pè wọ́n, òun ló ń dún. Wọ́n kan àpótí onígíláàsì fún fèrè náà nínú pálọ̀, wọ́n ń fi òróró nù ún kó lè máa dán, àwọn àlejò láti Kútọnu sì ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi kú, wọ́n gbé fèrè náà jáde nínú àpótí onígíláàsì rẹ̀ ní ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n ní ẹni iyì kò gbọdọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àáfà ká apá mọ́ àyà, wọ́n sì yíjú sẹ́yìn. Ọkùnrin Titirou náà dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì fọn orin náà fún bàbá mi. Gbogbo ojú yí sí mi, nítorí ọmọ olóògbé ló yẹ kó jáde lẹ owó mọ́ afọnfèrè níwájú orí. Mo fẹ́ pariwo kí ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́, èwo ni kí n ní kó fọn? Mo jáde, mo lẹ owó mọ́ ọn, mo sì jó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọ mi obìnrin wà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran ní Arzèkè. Ọ̀kan nínú àwọn alápatà ń gbéyàwó, fèrè sì ń dún láàárín wọn. Ọmọ náà fà mí lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ń ki bàbá àgbà." Mo bi í pé kí ni wọ́n ń sọ nípa bàbá àgbà. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó ní, "Wọ́n ní kì í bínú." A dúró títí orin fi parí, a ra ẹran, a sì lọ sílé.