Agolo Dúdú Tí Mo Kì Bọ Adágún

Ẹ jẹ́ kí ìkòkò ọbẹ̀ yẹn máa hó lórí iná, ẹ fa àpótí yín sún mọ́ mi. Ẹni tó bá ní òun ń lọ kí àwọn ará etí adágún, kó kọ́kọ́ gbọ́ tèmi. Mo lọ síbẹ̀ nígbà tí apá mi ṣì le, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ láti Òṣòdì títí dé Ìsọlọ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìyàwó síbẹ̀ nítorí tíì.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ojú irin ní Òṣòdì. Láràárọ̀, kí n tó fọwọ́ kan ayùn, n ó gbé agolo kan tó ti dú bí inú ààrò ka iná, n ó se tíì. Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ní Ìsọlọ̀, ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ. Ọ̀rọ̀ ti wọ̀ láàárín wa. Ohun tó kù ni kí n lọ fojú han bàbá rẹ̀, olórí àwọn apẹja ìlú wọn, torí bàbá náà ti ní òun kò ní fi ọmọ fún ẹni tí òun kò tíì rí. Ọmọbìnrin náà ṣíwájú mi lọ ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ìyá ẹlẹ́ja pè mí jókòó kí n tó gbéra.

"Tóo bá dé inú ọkọ̀ ojú omi, má dìde dúró. Má súfèé. Tóo bá pàdé ẹni tó ń ti odò bọ̀, kí i pé ó kú odò, má bi í pé ẹja mélòó ló pa. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló ń lé ẹja lọ. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún ọ, jẹ orí ẹja. Ẹni tó bá fi orí ẹja sílẹ̀, ó ní òun ò ní padà wá nìyẹn. Má sì jẹ́ kí ìkòkò dúdú kan omi wọn o. Igbá mímọ́ ni wọ́n fi ń bu omi, orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń dà á sínú ohun tó ti jókòó lórí iná. Omi tí dúdú iná bá kàn, ọwọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ ju àwọ̀n sí i ló ti ń gbẹ̀san."

Mo di gbogbo rẹ̀ mú, àfi ti ìkòkò. Èmi ọkùnrin, kí ni mo fẹ́ fi ìkòkò ṣe? Mo ní ọ̀rọ̀ obìnrin nìyẹn.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin dé Ìdó, mo wọ ọkọ̀ ojú omi dé Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ kékeré kan ló sì gbé mi dé ìlú wọn. N kò dìde dúró. N kò súfèé. Nígbà tí mo jẹ orí ẹja tán, tí mo tún fa egungun rẹ̀ mu, bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo sùn fọnfọn.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ ni tíì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Agolo mi wà nínú àpò, ibi tí mo bá lọ la jọ ń lọ. Ojú oorun ni mo fi sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, mo kì í bọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń kì í bọ àgbá omi ṣọ́ọ̀bù mi. Dúdú náà ṣí kúrò lára rẹ̀, ó fẹjú, ó ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Ìgbà náà ni ohùn ìyá ẹlẹ́ja tó dé etí mi.

Mo ri agolo mọ́ inú iyanrìn. Mo ń fọ ọwọ́, kò mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn apẹja ti ń bọ̀ pẹ̀lú àwọ̀n léjìká. Àbúrò ọmọbìnrin náà, géńdé kan báyìí, ló ṣíwájú wọn. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ gbé igbá wá pọnmi, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí mi lọ́wọ́.

"Kí ló wà lọ́wọ́ yín?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ẹ nà án kí n rí i."

Mo nà án. Ó wò ó, ó wo omi, ojú rẹ̀ yí padà. Àbúrò rẹ̀ ti ń tú okùn ọkọ̀.

"Ẹ lọ sọ fún Bàámi."

"Tí mo bá sọ, wọn ò ní fi ọ́ fún mi mọ́."

"Tẹ́ ò bá sọ, èmi fúnra mi ò ní fẹ́ yín mọ́. Àbúrò mi nìyẹn."

Ọkọ̀ kúrò létí iyanrìn. Ó lọ díẹ̀, ó tún lọ díẹ̀, ọmọkùnrin náà gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́ sí àwọ̀n.

"Ẹ dúró!" mo pariwo. "Ẹ má jù ú! Èmi ni mo fi dúdú kan omi!"

Wọ́n wa ọkọ̀ padà. Bàbá jáde wá, ó ní kí n hú ohun tí mo rì.

"Kí lèyí?"

"Agolo tíì ni, Bàbá."

"Tíì," ó wí, bí ẹni tó jẹ orógbó kíkorò.

Kò bú mi. Òfin wọn ló kà fún mi. Ẹni tó bá ba omi jẹ́ ni yóò fi iyanrìn fọ gbogbo ìkòkò dúdú ìlú títí ìdí wọn yóò fi mọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́, àwọ̀n kankan kò sì gbọdọ̀ kan omi títí yóò fi parí. Ọ̀túnla sì ni ọjà wọn. Ti ọmọ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀.

Àwọn obìnrin gbé ìkòkò wá, wọ́n gbé ẹnu wọn tì í.

"Ẹ wo káfíńtà! Ṣé pákó lẹ pe ìdí ìkòkò mi ni, tẹ́ ẹ ń fá a báyìí?"

"Ẹ rọra, àna wa, kó má lu o. Àbí ìkòkò tó lu ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ní Òṣòdì?"

Àwọn ọkùnrin kò bá wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, àwọ̀n gbígbẹ lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n ń wò mí. Èyí burú ju ẹ̀gàn lọ. Ní ọjọ́ kejì, èékánná mi ti tán. Ọmọbìnrin náà ló gbé èyí tó kẹ́yìn wá, ìkòkò ìyá rẹ̀, èyí tó dú jù. Ó gbé e sílẹ̀, ó lọ láìwẹ̀yìn.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo gbé e fún Bàbá. Ó ṣí fìlà funfun orí rẹ̀, ó fi nu ìdí ìkòkò náà. Ilà dúdú kan wà lára fìlà, kò ju fọ́nrán irun lọ.

"Tún un fọ̀."

Mo tún un fọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìka mi ń kán sínú iyanrìn. Ó tún nù ún, ó gbé fìlà náà sún mọ́ ojú, ó pẹ́ kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dé e padà sórí. Bó ti dé e báyìí, gbogbo ọkùnrin tó wà lábẹ́ igi dìde, wọ́n gbé àwọ̀n.

"Sọ fún àwọn bàbá rẹ kí wọ́n máa bọ̀ wá tọrọ ọmọ," ó ní. "Kí wọ́n má gbé tíì dání."

Gbogbo ìkòkò padà sílé. Agolo mi nìkan ni kò padà, bẹ́ẹ̀ mo ti fọ òun náà funfun. Bàbá sọ ọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀, òun ló fi ń gbọ́n omi títí tó fi dàgbà kọjá odò lílọ.

Nígbà tó papòdà, àbúrò ìyàwó mi jogún ọkọ̀ àti àjẹ̀. Ìkòkò ìyá wọn di ti ìyàwó mi, òun ló ń hó lórí iná yẹn. Agolo padà sọ́dọ̀ mi. Ó ti dógùn-ún nídìí, kò lè gba tíì mọ́. Ìṣó ni mò ń kó sí i.