Ẹni Tó Kẹ́yìn Lórí Afárá

Bàbá bàbá mi kì í lè jókòó nírọ̀lẹ́. Tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, wọ́n á mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wo títì. Wọ́n á jókòó, wọ́n á tún dìde. Ẹni tó bá wọlé kẹ́yìn nínú wa gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n léjìká, kó sọ pé òun ló kẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń tilẹ̀kùn. Màmá mi ní kí n má bi wọ́n ní nǹkan kan, àmọ́ ọ̀rẹ́ wọn tí a ń pè ní Bàbá Káfíńtà ti sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Nígbà ogun, àwọn méjèèjì wà lára àwọn sójà tó ń ṣe afárá, tó sì ń fọ́ ọ tó bá di dandan. Lọ́jọ́ tí ọ̀tá lé wọn padà, Bàbá ni wọ́n fi sídìí ẹ̀rọ tó máa mú kí ẹ̀tù abẹ́ afárá bú. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá sọdá kẹ́yìn á gbá ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ léjìká, á ní, "Èmi ni mo kẹ́yìn." Ẹnikẹ́ni ò tíì gbá Bàbá léjìká tí ọ̀gá wọn fi ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, torí ọ̀tá ti sún mọ́lé. Bàbá tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Ọta ìbọn ti gé wáyà tó so ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀tù.

Bàbá fi àyà wọ́ lọ sórí afárá, tí ọta ń fò lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n fi eyín bó wáyà, wọ́n so ó. Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n padà sídìí ẹ̀rọ tí Bàbá Káfíńtà, tó ti lọ ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀ ní òdìkejì odò, fi ẹsẹ̀ tó gbọgbẹ́ tiro dé, tí wọ́n gbá Bàbá léjìká, tí wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ náà. Afárá fò lọ sókè.

Ká ní wáyà ò já ni, Bàbá Káfíńtà ì bá ti há sọ́hùn-ún. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ara Bàbá balẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pàdé ni Bàbá ń bi ọ̀rẹ́ wọn bóyá òun ló kẹ́yìn lóòótọ́, tí kò ku ẹnì kankan lọ́hùn-ún. Bàbá Káfíńtà á ní, "Ẹni tó bá ṣì wà lẹ́yìn èmi tí mò ń tiro, ìgbín ni."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a lọ wo Bàbá Káfíńtà ní ọsibítù. Bàbá ò jókòó sórí àga tí nọ́ọ̀sì gbé wá. Wọ́n rìn lọ sójú fèrèsé, wọ́n rìn bọ̀, wọ́n tún béèrè. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá Káfíńtà ò ṣẹ̀fẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, mi ò bojú wẹ̀yìn lórí afárá lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù ò jẹ́."

Bàbá tún aṣọ ìbora ṣe sórí ẹsẹ̀ tó ń tiro náà. "Mo mọ̀. Ká ní èmi ni, mi ò ní wẹ̀yìn."

"Kí ló dé tó o wá ń bi mí látọjọ́ yìí?"

"Irọ́ rẹ ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, màmá mi rán mi níṣẹ́, èmi ni mo sì wọlé kẹ́yìn. Mo fọwọ́ kan Bàbá léjìká, mo sọ ohun tí mo máa ń sọ.

"Ṣé o bojú wẹ̀yìn?"

Mi ò wẹ̀yìn. Mo padà sí títì, mo wò ó dé ibi tí ojú mi mọ, lọ́tùn-ún àti lósì. Nígbà tí mo dé, mo tún fọwọ́ kàn wọ́n léjìká. Wọ́n tilẹ̀kùn. Títí mo fi wọ yàrá mi, mo ṣì ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń dún lọ́wọ́ wọn.