Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Jacob Tẹ̀ Sínú Kọ̀ǹpútà

Ilé ìwòsàn ìjọba kan wà láàárín Ìkẹ́rẹ́ sí Emùré tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àna mi méjì ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ gbẹ̀san lára mi lọ́jọ́ tí ibà bá gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ibẹ̀ ni Jacob Morákinyọ̀ ti ṣe akọ̀wé káàdì fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó wá káàdì aláìsàn jáde láàárín eruku, kí ó sì tún un dá padà síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i mọ́. "Ẹni káàdì" ni gbogbo wọn ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún wọ egungun.

Nígbà tó di ọdún kẹta tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, tí òórùn ọ̀dà tuntun ṣì ń jáde lára gbogbo ọ́fíìsì ní Adó, àwọn aláàánú kan láti òkè òkun fi kọ̀ǹpútà kan ta ilé ìwòsàn náà lọ́rẹ. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ìtẹ̀wé lásán o. Wọ́n ti kó gbogbo ìwé ìlànà ìtọ́jú sínú rẹ̀: ohun tó yẹ ní ṣíṣe fún ẹni tí ibà ń dà láàmú, ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, aláboyún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹni tó ń húkọ́. Yóò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ, wàá tẹ ìdáhùn sí i, yóò sì gbé ìwé jáde pé báyìí báyìí ni kí ẹ ṣe. Ìwé ìlànà yìí kan náà ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àwọn eku ló ń jẹ ẹ́. Nínú ẹlẹ́sẹ̀ méjì, Mátíróònù Títílọlá nìkan ló kà á tán.

Wọn ò rán Mátíróònù lọ kọ́ ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní bí ó bá lọ, ta ni yóò gbẹ̀bí? Dókítà ńkọ́? Ọjọ́ Tuesday nìkan ni Dókítà ń wá, bí mọ́tò rẹ̀ bá gbà. Ni wọ́n bá wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n rí Jacob tí kò sí ẹni tí yóò ṣàárò rẹ̀, wọ́n sì rán an lọ sí Adó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni káàdì lọ, Kọ̀ǹpútà Ọ́fíísà ló padà dé. Ó so táì mọ́rùn, ó fi bírò méjì há àpò àyà, ó sì ń yan débi tí ìyàwó rẹ̀ fi ń bi í bóyá bàtà ló ń fún un. Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ pé àwọn yóò fi oṣù mẹ́fà dán an wò kí oyè náà tó di tirẹ̀ pátápátá. Jacob sì búra pé kò sí ohun tí yóò já oyè náà gbà lọ́wọ́ òun.

Ẹ wá wo ilé tí wọ́n kọ́ fún ẹ̀rọ. Wọ́n kó báńdéèjì jáde kúrò nínú yàrá rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fáànù wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ni wọ́n tú wá síbẹ̀, kí ooru má baà mú kọ̀ǹpútà. Àwọn abiyamọ lè máa fi gèlè fẹ́ ara wọn. Bàtà kì í wọ ibẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adétúnjí, akọ̀wé àgbà ilé ìwòsàn, lẹ ìwé mọ́ ògiri pé aláìsàn kankan kò gbọdọ̀ gba oògùn tàbí ṣe àyẹ̀wò láì jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, kí àìsàn ní sùúrù. Jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn wà o, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ń gba àtúnṣe, ilé Ọ̀gbẹ́ni Adétúnjí ló sì ti ń gbà á. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ò tọrọ ìwòsàn lọ́wọ́ Ọlọ́run mọ́, iná ni wọ́n ń tọrọ.

Ìyá kan wà tó tọ́ Jacob dàgbà, Màmá Dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ìyá Jacob kú nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ̀yìn Màmá Dúpẹ́ ló sì ti kẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń sùn láì sunkún. "Màámi" ló ń pè é. Àgbẹ̀ oníṣu ni ìyá yìí lọ́nà Emùré, alágbára obìnrin tí ń dá ebè kọ bí ọkùnrin. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ikọ́ dé sí i lára, kò sì lọ.

Nínú oṣù November, lẹ́tà dé pé àwọn ọ̀gá ń bọ̀ láti Adó wá wo bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́. Jacob wá aláìsàn tí kò ní dójú tì í. Ẹni tí kò ní bì sílẹ̀, tí kò ní bá àlejò jà, tí yóò wọ aṣọ tó mọ́. Màámi ló wá sí i lọ́kàn. Ó lọ mú un wá láàárọ̀ ọjọ́ náà nínú aṣọ ìjáde ọjọ́ Ìsinmi.

Mátíróònù Títílọlá gbọ́ ikọ́ náà láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì dúró. Ó pe Jacob sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ikọ́ yìí jìn, kì í ṣe ikọ́ ọ̀fìnkìn, kí ó jẹ́ kí àwọn gba itọ́ ìyá yìí fún àyẹ̀wò, torí ìwé ìlànà ní ikọ́ tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, itọ́ ni kí a yẹ̀ wò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè pa ènìyàn. Jacob rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ṣàánú òpè. Ó ní ìlànà tí Mátíróònù ń wí náà ló wà nínú ẹ̀rọ, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ̀rọ̀.

Àwọn àlejò dé, mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n bọ́ bàtà. Jacob jókòó síwájú gíláàsì kọ̀ǹpútà, Màámi sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí àga. Ẹ̀rọ béèrè: ọkùnrin ni tàbí obìnrin? Ó tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún mélòó? Màámi ní òun ti ń pọn omi nígbà tí wọ́n fi òrùlé bo ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́, Jacob sì tẹ márùndínláàádọ́rin. Kí ló ń ṣe é? Ikọ́. Ìbéèrè kẹrin ló dá wàhálà sílẹ̀: ọjọ́ mélòó?

"Màámi, ó tó ọjọ́ mélòó tí ẹ ti ń húkọ́?"

"Ó mà ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan, ọmọ mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ bá mi dá sí i. Bí ẹ bá pàdé ọ̀rẹ́ tí ẹ rí gbẹ̀yìn lọ́dún tó kọjá, kí lẹ máa kọ́kọ́ wí? Ṣebí "Ọjọ́ mẹ́ta!" ni? Ta ló ń fi ìka kà á? Ọmọ ọdún méje ní Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta kan kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Jacob náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àlejò Adó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà sì ń fẹ́ nọ́ńbà, kò fẹ́ ìtàn. Ìka rẹ̀ sáré ju làákàyè rẹ̀ lọ. Ó tẹ ẹẹ́ta.

Ẹ̀rọ kùn, ó gbé ìwé jáde: ikọ́ kékeré ni, kí ó mu omi gbígbóná, kí ó sinmi, kò nílò oògùn kankan. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Wọ́n ya fọ́tò. Ọ̀gbẹ́ni Adétúnjí sọ̀rọ̀ tó gùn ju àìsàn lọ, ó ní láti òní lọ, àṣìṣe ti di ohun àná nílé ìwòsàn wọn. Màámi húkọ́ ní ìgbà méje láàárín ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì rọra sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

Mátíróònù gbá Jacob lápá mú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọjọ́ mẹ́ta wo ló tẹ̀? Jacob ní kí wọ́n má jẹ́ kí àwọn bá ẹ̀rọ jiyàn, pé fọ́ọ̀mù wà fún ẹni tí kò bá fara mọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà wí, ẹ̀dà mẹ́ta, Dókítà yóò fọwọ́ sí i, akọ̀wé àgbà yóò lù ú lóńtẹ̀. Mátíróònù kọ fọ́ọ̀mù náà lóòótọ́. Ọjọ́ Tuesday kan, Dókítà ò wá. Ọjọ́ Tuesday kejì, Dókítà wá, òǹtẹ̀ ni wọn ò rí. Nígbà tó sú u, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé Màámi pé kí ó bọ̀ wá ṣe àyẹ̀wò itọ́. Màámi ò gbà. Ó ti lẹ ìwé kọ̀ǹpútà mọ́ ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ọmọ òun ti wo òun níwájú àwọn ènìyàn ńlá, wọ́n sì pàtẹ́wọ́, kí ni òun tún ń wá kiri?

Jacob kò sí nítòsí láti gbọ́. Ìyìn ọjọ́ náà ti gbé e lọ. Wọ́n ní kí ó lọ kọ́ àwọn ilé ìwòsàn mìíràn lẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń ti Òde lọ sí Ìjàn, ó ń ti Ìjàn lọ sí Egbe, ó ń sọ ìtàn ìyá arúgbó tí kọ̀ǹpútà mọ àìsàn rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì. Orí rẹ̀ wú débi pé táì ò fẹ́ yí i lọ́rùn mọ́.

Oṣù February ló tó yà sílé Màámi. Ó rí i lórí ẹní, kò dá a mọ̀. Ìró aṣọ tó máa ń yí i ká ní ẹ̀ẹ̀kan ti ń yí i ká ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó fẹ́ gbé orí rẹ̀ sókè, ọwọ́ rẹ̀ kan aṣọ kékeré kan lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ̀jẹ̀ ló wà lára rẹ̀, tuntun lórí gbígbẹ.  Jacob sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó fi ọ̀kadà gbé e, ó há a sáàárín ara rẹ̀ àti ọlọ́kadà, ìyá tó ti máa ń ru ẹrù iṣu, kò wúwo ju ẹrù aṣọ lọ.

Mátíróònù ti mú ike itọ́ dání kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé àyẹ̀wò ní láìsí ìwé kọ̀ǹpútà, àwọn ò lè gbà á. Òfin ni, Ọ̀gbẹ́ni Adétúnjí ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, Jacob gan-an ló tẹ̀ ẹ́. Ó sáré wọ yàrá náà pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yíjú sí ìyá náà, ó kúnlẹ̀, ó bi í pé ìgbà wo gan-an ni ikọ́ yìí bẹ̀rẹ̀.

"Láti ìgbà uṣu titun ni."

Iṣu tuntun! Láti August. Jacob ṣírò rẹ̀, ó lé ní ọgọ́sàn-án ọjọ́. Ó tẹ 180. Ẹ̀rọ gba ení, ó gba ẹẹ́jọ, kò gba òdo, torí àwọn tó ṣe é kò rò pé ènìyàn lè húkọ́ ju ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún lọ kí ó tó rántí ilé ìwòsàn. Kí Jacob tó ṣẹ́jú, ìwé ti ń jáde: ọjọ́ méjìdínlógún, ikọ́ kékeré, omi gbígbóná, kí ó sinmi. Ó wo ìwé náà, ó wo Màámi. Ó fà á ya. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tẹ 99. Jacob tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá ẹ̀rọ jiyàn, òun ló purọ́ fún ẹ̀rọ kí ẹ̀rọ lè sọ òótọ́. Ìwé jáde pé kí wọ́n yẹ itọ́ wò kíákíá, ohun tí Mátíróònù ti wí láti November.

Ikọ́ fée ni. Kí n má fi ọkàn yín há sókè, Màámi kò kú. Ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ ò tún padà bọ̀ sípò, kò lè gun òkè oko mọ́, àwọn ẹlòmíràn ló ń kọ ebè lórí ilẹ̀ rẹ̀. Lẹ́tà sì dé láti Adó pé oyè Kọ̀ǹpútà Ọ́fíísà ti di ti Jacob pátápátá, nítorí aláìsàn tó wò níwájú àwọn ọ̀gá kò padà wá mọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ẹ̀rọ sì kà á sí ẹni tó ti sàn. Jacob kọ̀wé pé kò sàn rárá. Wọ́n fèsì pé àkọsílẹ̀ náà ti di títì, kí ó má bà á jẹ́.

Oṣù mẹ́jọ ni oògùn náà, ìlànà sì ní fún oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa fojú ara rẹ̀ wò ó láràárọ̀ bí ó ti ń gbé e mì. Mátíróònù kò béèrè ẹni náà, orúkọ Jacob ló kọ sílẹ̀. Láràárọ̀ kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, ó ń dé ilé Màámi, ó ń bu omi, ó ń ka hóró oògùn sí i lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ohun tó ti ń jẹ ẹ́ nínú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí ló dé tí Màámi ò sọ ọ́ fún òun lọ́jọ́ tí àlejò wá, pé láti ìgbà iṣu tuntun ni?

Màámi gbé omi náà mì tán kí ó tó dáhùn. Kò bínú, ohùn rẹ̀ ò sì lọ sókè.

"Ọmọ tí mo pọ̀n ni mo dá lóhùn o, Jacob. Èmi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ń bi mí."

 Hóró mẹ́ta ṣì kù lọ́wọ́ ìyá náà, Jacob sì jókòó tì í títí ó fi gbé gbogbo rẹ̀ mì.