Máíkì Tó Yadi

Ara tètè máa ń fu mí. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá kí mi pé ẹ káàárọ̀, mo máa kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run kí n tó dáhùn.

Nígbà tí owó epo dé, tí gbogbo yàrá ní Mafoluku ń ra rédíò bí ẹni ra búrẹ́dì, iṣẹ́ àtúnṣe rédíò ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n ṣe máíkì kékeré tí kò ní wáyà, tí pásítọ̀ lè há mọ́ ẹ̀wù, kí ohùn rẹ̀ máa jáde nínú rédíò. Mo kọ́kọ́ ya àwòrán pátákó inú rẹ̀ sórí ìwé, kò ju páálí ìṣáná lọ: ibi tí bátìrì máa wà, ibi tí tàǹsísítọ̀ máa ki ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ̀, ọ̀nà tí iná máa gbà. Mo fi bébà kábọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ sórí pátákó tí wọ́n lẹ bàbà mọ́ lójú kan, mo fi kùtẹ́ẹ̀sì tí ìyàwó mi fi ń kun èékánná tọ àwọn ìlà náà, mo sì rì í sínú ásíìdì. Bàbà tí kùtẹ́ẹ̀sì bò ló ṣẹ́ kù, ìyókù yọ́ dànù.

Nígbà tí mo jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán, máíkì náà yadi. Mo fi ìwé kan náà ṣe òmíràn. Òun náà yadi.

Ara bá fu mí. Ẹnì kan ṣoṣo ló fọwọ́ kan ìwé yẹn: ọkùnrin tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, tí òun náà ń tún rédíò ṣe ní Apákùn. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo ládùúgbò ni. Bí mo bá pàdánù rẹ̀, mi ò lẹ́lòmíràn. Lọ́jọ́ tí mo yà á, ó gbé ìwé náà sókè sí iná, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Nǹkan tó kéré báyìí lo fẹ́ kó sọ̀rọ̀?" Kí ló pa á lẹ́rìn-ín? Kí ló dé tó fi yá pẹ́ńsùlù mi lọ́jọ́ yẹn gan-an? Mo wo ìwé náà títí mo fi rí ìlà kan tó jọ pé ọwọ́ mi kọ́ ló fà á.

Láàárọ̀ Sátidé, nídìí ẹ̀rọ omi, lójú gbogbo ayálégbé, mo ní, "Ìwọ lo ba ìwé mi jẹ́. O fẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì gbé iṣẹ́ náà fún ẹ."

Ó wò mí, ó gbé garawa rẹ̀, ó wọlé. Mo sọ fún àwọn tó kù pé ṣé wọ́n rí i bó ṣe ń sá wọlé.

Ìyàwó mi, tó jẹ́ télọ̀, ló rí àṣìṣe náà. Ó gbé ìwé lé pátákó, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sódì.

"Bí ẹ ṣe yà á lókè lẹ tẹ̀ ẹ́ sábẹ́," ló wí. "Ẹ ò dojú ìwé dé. Béèyàn bá gé apá aṣọ báyìí, apá òsì méjì ló máa ní."

Òótọ́ ni. Òkè ni ẹsẹ̀ tàǹsísítọ̀ ti ń wọlé, abẹ́ ni bàbà wà. Ẹsẹ̀ tó yẹ kó bọ́ sọ́tùn-ún ló bọ́ sósì. Mo yí ìwé padà, mo ṣe ìkẹta, máíkì fọhùn. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ mi. Ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì.

"Èmi ni mo ṣàṣìṣe," mo ní. "Jọ̀ọ́, má bínú."

"Kò sí wàhálà," ló wí, kò gbójú kúrò lára áyọ́ọ̀nù. "Mo ti gbọ́ yín. Ẹ ṣé."

Ọmọ ọdún kan náà ni wá, a sì ti jọ jẹun nínú abọ́ kan. Kò pè mí ní "ẹ" rí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń retí kó rẹ́rìn-ín. Títí tó fi kó lọ sí Ìsọlọ̀, "ẹ" ló ń pè mí.