Ọsàn Wẹ́wẹ́ Nínú Omi Javel

Ọ̀fun mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ó ń ta mí bíi pé mo fín ata gbígbẹ símú, omi ń dà lójú mi, àyà mi sì há pinpin. Inú balùwẹ̀ wa kékeré ní àdúgbò Attécoubé ni mo wà, mo ti ilẹ̀kùn nítorí òjò, mo ń fọ aṣọ funfun tí a máa ń wọ̀ lọ sí ìjọ wa.

Wáyà tí mo sá aṣọ náà lé ti fi ìpẹtà sí i lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni Àjíǹde ku ọ̀la, èmi ni màá sì lé orin. Ọgbọ́n ìfọṣọ kan wà nílé wa tí wọ́n mú wá láti Porto-Novo: ọsàn wẹ́wẹ́ fún ìpẹtà, omi Javel, oògùn olóòórùn líle tí wọ́n fi ń bó aṣọ, fún funfun. Ìkánjú mú mi, mo da méjèèjì pọ̀ sínú ike kan.

Màámi gbọ́ ikọ́ mi, ó fà mí síta, ó sì gbé epo pupa dání títí dé ọsibítù.

Dókítà tó gbà wá, ọmọ Nàgó bíi tiwa, rẹ́rìn-ín músẹ́. "Maman, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé epo yẹn sílẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni gáàsì tó jáde lára ohun tó dà pọ̀ wọ̀, kò wọ ikùn. Oxygène ló nílò."

Ó ní chlore ni wọ́n ń pe gáàsì náà, pé láti inú èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá, àwọ̀ ewé tó fẹ́ máa pọ́n ló túmọ̀ sí.

"Ewé wo?" ni Màámi bi í. "Mi ò rí ewé kankan."

Òótọ́ ni. Bó bá pọ̀ gan-an ni ojú tó lè rí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má dúró de ojú. Bí imú bá ti kọ̀ ọ́, ẹ jáde.

Wọ́n dá mi dúró, torí omi lè kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ohun tí wọ́n ń pè ní œdème. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò tíì mọ̀ rí pé mímí jẹ́ iṣẹ́. Àjíǹde kọjá, ẹlòmíràn ló lé orin.

Ikọ́ náà pẹ́ kó tó lọ. Nígbà tí mo gun òkè àdúgbò wa láìdúró sinmi, mo mọ̀ pé ara ti dá. Màámi ní kí n sọ aṣọ náà nù. Mo kọ̀. Òun ni mo wọ̀ lọ sí ìsìn ìdúpẹ́, pẹ̀lú ìpẹtà lẹ́yìn, mo sì lé orin náà dé ìparí.