Orúnkún Tó Gbá Ẹ̀gbọ́n Mi Láyà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìdí-Ìrókò, ìjọba ológun ti bodè pa. Àwọn tírélà tó máa ń tò lọ bẹẹrẹ kò wá mọ́, gáréèjì bá di pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí: a ó pọnmi, a ó gbálẹ̀, a ó mu ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà, ó di gáréèjì. Ẹni tó bá sá fún iṣẹ́ ilé lọ síbẹ̀, pàṣán Màmá ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Délé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ló máa ń dúró ní gólì. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó fò mú bọ́ọ̀lù, orúnkún ọmọkùnrin kan tó ń sáré bọ̀ sì gbá a láyà. Ó ṣubú. Nígbà tó yá, ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe mí." Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí egbò. Eré ń lọ.

Nígbà tó délé, kò lè jẹ ẹ̀bà tí Màmá gbé síwájú rẹ̀. Màmá fi omi gbóná jó o láyà, ó fi òrí pa á.

Délé ní, "Màmá, ọkàn mi ń sáré, ó tún ń dúró."

Òdìkejì bodè ni ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa jù wà. Bàbá gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo ń sáré tẹ̀lé wọn. Sọ́jà tó ń ṣọ́ bodè wo ojú Délé.

Ó ní, "Bàbá, mi ò láṣẹ láti ṣí i. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Ìlaró." Òun fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò àwọn sọ́jà gbé wa lọ.

Ní Ìlaró, dọ́kítà fetí sí àyà Délé, ojú dọ́kítà náà yí padà. Ó ṣàlàyé fún Bàbá pé ọkàn lè fara gbọgbẹ́ nínú kí awọ òde má bó. Ẹ̀jẹ̀ ti jò yí ọkàn Délé ká, kò jẹ́ kó lù dáadáa mọ́. Wọ́n sáré gbé e wọlé. Kò jáde láàyè. Sọ́jà náà ṣí fìlà, ó dúró ti Bàbá.

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí Màmá ń sọ kò ju, "Mo rò pé òrí á tó."

Láyé ìgbà náà, ohun tó bá ṣẹ̀jẹ̀ nìkan là ń pè ní ọgbẹ́. Lónìí, olùkọ́ ni mí ní Ayétòrò. Ọmọ tí wọ́n bá gbá láyà lórí pápá, bó ti wù kó máa rẹ́rìn-ín, mo máa ń mú un kúrò nínú eré, mo sì ń gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Àwọn ọmọ náà máa ń bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú. Ẹni tó wà láàyè ló ń bínú.