Fóònù Kékeré Tó Wà Nínú Báàgì Mi

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń ra ẹ̀rọ fún màmá mi bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, kò sì sí èyí tí wọ́n tọrọ lọ́wọ́ mi níbẹ̀. Ọdún kìíní, fáànù tó ń lo bátìrì ni. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà, wọ́n dá a padà sínú páálí rẹ̀, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní ó di ọjọ́ tí àlejò bá dé. Ọdún kejì, mo ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ìyá tó ń yan ẹja ládùúgbò ni wọ́n fi ń yẹ̀ wò, àfi ara wọn. Ọdún kẹta, mo ra aago ọwọ́ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Nígbà tí mo tún padà dé ibẹ̀, orí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí ni mo bá a, níbi tó ti ń wá ọkàn ògiri kiri.

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹni tó bá ní làákàyè ì bá ti béèrè lọ́wọ́ wọn ní ọdún kejì pé kí ni wọ́n tiẹ̀ fẹ́. Èmi ò béèrè. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye, ní Èkó, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń to kàlẹ́ńdà àti ìwé ìpè lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé kò sí ìṣòro àgbàlagbà tí ẹ̀rọ tuntun ò lè yanjú. Bí mo bá ti gba nǹkan gbọ́ báyìí, èèyàn kì í lè bá mi sọ ọ́ mọ́.

Bàrígà ni màmá mi ń gbé, lápá ibi tí àdúgbò ti ń rọra tẹ̀ sí etí ọ̀sà. Ọmọ Ìlàjẹ ni wọ́n, láti etíkun Oǹdó, inú ẹja ni wọ́n sì dàgbà sí. Nígbà ayé bàbá mi, bàbá á pa ẹja, màmá á yan án. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, màmá mi nìkan ló ń dá gbé yàrá méjì náà, ẹja yíyan ni wọ́n sì ń tà síbẹ̀. Èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ wa wà ní Palmgrove. Kò jìnnà rárá, ṣùgbọ́n tó bá ti di Oṣù Kejìlá, tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àti gbogbo oníṣòwò bá fẹ́ kàlẹ́ńdà lọ́jọ́ kan náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè kọjá kí n má fojú kàn wọ́n.

Fóònù tí wọ́n ń lò nígbà náà jẹ́ kékeré, oníbọ́tìnnì, tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Rọ́bà ni wọ́n fi dè é kí bátìrì rẹ̀ má bàa já bọ́. Ojú rẹ̀ ti sán, nọ́ńbà ara bọ́tìnnì rẹ̀ ti pa rẹ́, èéfín ẹja sì ti wọ inú rẹ̀ débi pé bí mo bá gbé e sétí, ńṣe ni ebi máa ń pa mí. Ojú máa ń tì mí tí wọ́n bá yọ ọ́ láàárín èèyàn. Kí n má parọ́, ìtìjú yẹn wà lára ohun tó sún mi dé ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọbìnrin tó ń ta fóònù ní Palmgrove ní sùúrù jù mí lọ.

"Àǹtí, kí ni màmá máa fi ṣe gan-an?"

"Kí wọ́n máa rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ wọn."

"Ta ni wọ́n máa ń pè jù?"

Mo ronú díẹ̀. "Èmi ni."

Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn. Mo ra fóònù ńlá kan tí ojú rẹ̀ fẹ̀, mo sì ra síìmù tuntun mọ́ ọn, nítorí dátà tó wà lórí rẹ̀ pọ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ó di Kérésì nígbà tí mo gbé e lọ fún wọn. Mo jókòó tì wọ́n, mo kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù kékeré sínú ti tuntun, mo sì fi àwòrán sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí màmá mi ò mọ̀wé kà. Àwòrán tèmi ló wà lókè pátápátá. Ti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tó ń gbé abúlé wọn létíkun, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ti pásítọ̀.

"Ṣé mi ò lè máa lo méjèèjì pọ̀?" màmá mi bi mí.

"Màámi, tí méjèèjì bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò ní kọ́ ti tuntun láéláé. Ṣé mi ò mọ̀ yín ni?"

"Mo ń fi ìyẹn ṣe nǹkan o."

"Gbogbo nọ́ńbà inú ẹ̀ ni mo ti kó síbí. Kò sí nǹkan kan tó kù níbẹ̀."

Wọ́n wo fóònù kékeré lọ́wọ́ mi, wọ́n sì wo ojú mi. Mo sọ ọ́ sínú báàgì mi, mo jáde. Inú mi dùn gan-an ni. Mo ní Kérésì tọdún yìí, mo ti mú un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, nǹkan kan dún nínú báàgì mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dákẹ́. Mo ní ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà ẹja ló ń fíláàṣì, tó fẹ́ kí màmá mi fi owó tiwọn pè é. Mo yí ẹ̀gbẹ́ padà, mo sùn lọ. Nígbà tó yá, tí mo ti wà níbi iṣẹ́, màmá mi pè mí lórí fóònù tuntun. Inú mi tún dùn sí i pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò dáhùn o," wọ́n ní. "Mo fíláàṣì wọn láàárọ̀, wọn ò fíláàṣì mi padà."

"Ẹ pè wọ́n dáadáa nígbà náà. Ẹ jẹ́ kó máa dún títí wọ́n á fi gbé e."

"Ká má rí i."

Kíá ni wọ́n sọ ọ́, bí ìgbà tí mo ṣépè. Ó yẹ kí n bi wọ́n pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n oníbàárà kan dúró tì mí, ó ń fi ìka tọ́ka sí kàlẹ́ńdà tí mo tò fún un, níbi tí Oṣù Kejì ti ní ọgbọ̀n ọjọ́.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Màámi. Ẹ mọ bí abúlé yẹn ṣe rí."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún dún lẹ́ẹ̀kan nínú báàgì, ó dákẹ́. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, tí mo ń fi àwọ̀ han ẹnì kan níbi iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ tábìlì mi, kò sì dákẹ́ mọ́. Ó dún, ó dún, ó sinmi, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń gé ìwé yíjú sí mi. Mo ki ọwọ́ bọ báàgì, mo fi ìka wá bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi kú. Mi ò yọ ọ́ jáde, mi ò sì wo ojú rẹ̀. Ká ní mo wò ó ni, ǹ bá rí ẹni tó ń pè.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú Kérésì, a ti ilé ìtẹ̀wé lọ́sàn-án, mo gbé ìrẹsì àti òróró, mo gba Bàrígà lọ. Ẹnu ọ̀nà ni mo bá màmá mi, wọ́n jókòó sórí àpótí, fóònù tuntun wà lórí itan wọn, tòun ti ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja tutù. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí i rí kí ààrò màmá mi tutù lọ́jọ́ tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́ta rèé," wọ́n ní. "Ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n mi ò tíì jí."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọn ò jí?"

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ ọ́ fún mi. Láti ìgbà tí ọkọ àwọn méjèèjì ti kú, tí oníkálukú ti ń dá sùn, ni wọ́n ti jọ ní àdéhùn kan. Ní ìdájí, kí wọ́n tó fọwọ́ kan omi, màmá mi á fíláàṣì Màmá Àgbà, nítorí àbúrò ló ń kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ dún. Ìyẹn ni pé, ẹ káàárọ̀, mo jí. Màmá Àgbà á fíláàṣì padà, pé èmi náà jí. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé e. Bí ó bá dún kọjá ẹ̀ẹ̀kan, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ti mú fóònù ọ̀kan nínú wọn, tó fẹ́ túfọ̀ fún èkejì. Ìdí nìyẹn tí màmá mi ò fi lè jẹ́ kí ó dún títí lọ. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"O ò bi mí."

Ọwọ́ mi ti wà nínú báàgì kí n tó mọ̀, mo di fóònù kékeré mú, mi ò lè yọ ọ́. Mo ń wá ẹnu tí n ó fi sọ ọ́ ni kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú ilé, tí Màmá Àgbà sì ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n ró aṣọ dúdú, wọ́n fi dúdú wérí. Wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti ìdájí dé Igbókòdá, wọ́n wá wọ bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀ wá sí Èkó, àwọn nìkan, ní ọjọ́ orí wọn yẹn. Báàgì ńlá kan wà lápá wọn. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjì, wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì rí màmá mi lórí àpótí. Wọ́n dúró gbagidi.

Màmá mi dìde, wọ́n kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Aago mẹ́rin ọ̀sán ti kọjá.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni màmá mi wí.

Màmá Àgbà gbé ẹsẹ̀ kan sí i.

"O jí?"

"Mo jí, mà."

"Èmi náà jí."

Lẹ́yìn náà ni Màmá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì sunkún bí ọmọdé. Èdè Ìlàjẹ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń yára sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ kọ́ ni mo gbọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni pé nọ́ńbà àjèjì kan, ti síìmù tuntun tí mo rà, ń fíláàṣì Màmá Àgbà láàárọ̀, wọ́n ní oníjìbìtì ni, wọn ò kà á sí. Nọ́ńbà tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Nígbà tí kò wọlé, àwọn fúnra wọn fíláàṣì, kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n wá mọ́kàn le, wọ́n jẹ́ kí ó dún títí, kí ẹni tí fóònù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbé e, kí ó sọ èyí tó bá fẹ́ sọ. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹnì kan pa á.

Wọ́n fa báàgì náà mọ́ra, wọ́n tú u. Aṣọ òkè funfun kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ká dáadáa.

"Tèmi ni," wọ́n sọ fún màmá mi. "Èyí tí mo ti tọ́jú de ìgbà tí mo bá ń lọ. Mo ní n kò ní jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ àyálò sin àbúrò mi."

Mo kúnlẹ̀. Mo yọ fóònù kékeré jáde, tòun ti rọ́bà tí wọ́n fi dè é, mo gbé e sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Mo ní, "Èmi ni mo pa á." Mo fẹ́ ṣàlàyé nípa oníbàárà àti ariwo, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tò ó lọ́kàn ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé gbọ́ sétí. Ojú tì mí ju bí fóònù náà ṣe ń tì mí lójú tẹ́lẹ̀ lọ.

Màmá Àgbà nu ojú wọn. Wọ́n mú fóònù tuntun lórí àpótí, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún.

"Ó dára, ọmọ mi. Wọ́n ní ó máa ń fi ojú èèyàn hàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Jẹ́ kí ìyá rẹ máa fi wo àwọn ọmọ rẹ. Ní tèmi, mi ò ní kí n rí ojú rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ó ṣáà ti jí."

Màmá mi dá iná sí ààrò. Mo pe ọkọ mi pé kí ó kó àwọn ọmọ wá lọ́jọ́ kejì, èmi ń sùn níbẹ̀. Mo gbé ẹní sílẹ̀, àwọn àgbà méjèèjì sì jọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, páálí fáànù àlejò lábẹ́ wọn. Mo ti yọ fáànù náà. Mo ní àlejò ti dé.

Ìdájí Kérésì, fóònù kan dún lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Kò pẹ́, òmíràn dún lẹ́ẹ̀kan, òun náà dákẹ́. Mo gbé orí sókè. Èjìká wọn kan ara wọn, àwọn méjèèjì ń wo òrùlé, kálukú wọn pẹ̀lú fóònù láyà.

Mo fọwọ́ wá tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Mo pe nọ́ńbà màmá mi àtijọ́, mo jẹ́ kí ó dún lẹ́ẹ̀kan, mo gé e. Mo ń gbọ́ bí ìka màmá mi ṣe ń wá bọ́tìnnì tí nọ́ńbà rẹ̀ ti pa rẹ́. Fóònù mi dún lọ́wọ́ mi, mi ò sì gbé e.